Ẹ̀yin tó ń gba alágbàṣe fún òwò kékeré, báwo lẹ ṣe ń bá wọn ṣe é?

Ìyá Olómi Atalẹ̀, Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Omi atalẹ̀, bísáàpù àti wàrà sóyà ni mò ń ṣe, Wándò ni mo sì ń tà á jù. Títí di ìsinsìnyí, étíkẹ́ẹ̀tì tí mò ń lẹ̀ mọ́ ìgò, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń fi fóònù ṣe é. Ilé ìtajà kan ní Kútọnu ti wá ní àwọn á máa gba ọjà lọ́wọ́ mi, àmọ́ wọ́n ní kí n lọ tún ara ìgò náà ṣe kó tó lè jókòó lórí pẹpẹ wọn.

Mo nílò ẹni tó máa ya étíkẹ́ẹ̀tì fún ọjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó máa ya fọ́tò, àti ẹni tó máa bá mi mójú tó Facebook. Mi ò lówó òṣìṣẹ́ olóṣù. Ẹnì kan tí wọ́n júwe fún mi ní òun á ṣe gbogbo ẹ̀ pọ̀, pé kí n ṣáà kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́ sórí MoMo òun (àpò owó orí fóònù), gbogbo ẹ̀ pátá. Ara mi ò gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti ń rí wọn, kí lẹ ń bi wọ́n, báwo lẹ ṣe ń sanwó?

Ọmọ Alákétu

Ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ara yín tí kò gbà á yẹn, ẹ tẹ̀lé e. Owó tó bá ti wọ MoMo ẹlòmíì, ẹ̀bẹ̀ lẹ ó máa bẹ̀ kó tó padà wá.

Ohun kejì tó ń kọ mí lóminú ni "gbogbo ẹ̀ pọ̀" yẹn. Ẹni tó mọ étíkẹ́ẹ̀tì yà kì í sábà jẹ́ ẹni tó mọ fọ́tò yà, ẹni tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá oníbàárà lóhùn lórí Facebook tún yàtọ̀. Àwọn kan wà tó mọ̀ ọ́n pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ wọn ò pọ̀. Ẹ pín iṣẹ́ náà sí mẹ́ta. Kí ẹ wá mú èyí tó kéré jù níbẹ̀, étíkẹ́ẹ̀tì omi atalẹ̀ nìkan, kí ẹ fi dán ẹni náà wò, kí ẹ sì san owó rẹ̀. Bó bá ṣe é tó dùn mọ́ yín nínú, ìgbà yẹn ni kí ẹ kó bísáàpù àti sóyà fún un.

Oúnjẹ adìẹ ni èmi ń tà ní Kétu níbí. Alágbàṣe tó wà lọ́wọ́ mi báyìí, ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń ta oògùn ohun ọ̀sìn ni mo ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo pe oníbàárà rẹ̀ kan, mi ò bi í pé ṣé ọmọ náà dáa. Ta ló máa sọ pé kò dáa? Mo bi í pé: ìgbà tí nǹkan ò lọ bó ṣe yẹ, kí ló ṣe? Ṣé ó kó ojúlówó fáìlì lé yín lọ́wọ́? Tí ẹ bá pè é lẹ́yìn tó ti gbowó tán, ṣé ó ń gbé fóònù? Ìdáhùn sí ìkẹta yẹn ni mo máa ń tẹ́tí sí jù.

Bàbá Káfíńtà, Kétu

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àjọsọ. Nígbà tiwa, a máa ń mú alágbàṣe dé orí ilẹ̀ ni. A ó jọ fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, á mọ iye ebè tó máa kọ kó tó lanu pe owó. Ẹni tó jókòó sílé pe owó oko tí kò rí, ìjà ló ń pè. Ìyá, ẹ fi ilẹ̀ han ọmọ náà.

Ayàwòrán Atákè, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni alágbàṣe tí ẹ ń sọ yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Bàbá ti sọ ọ́ tán o, kí n kàn fi ilẹ̀ náà han Ìyá.

Ìyá, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ mú téèpù aránṣọ, kí ẹ fi wọn ara ìgò yín yípo, kí ẹ tún wọn gíga ibi tí ìwé máa lẹ̀ mọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó máa wà lára rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe máa wà: orúkọ ọjà, ohun tí ẹ fi ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ ṣe é àti ọjọ́ tí kò ní dáa fún mímu mọ́, àdírẹ́sì, fóònù. Ẹ ya fọ́tò étíkẹ́ẹ̀tì méjì mẹ́ta tó wù yín lọ́jà, kí ẹ sọ ohun tó wù yín lára rẹ̀. Oníbàárà tó bá kó ìyẹn wá, owó tí mò ń pè á wálẹ̀. Èyí tó bá ní "ṣáà bá mi ṣe nǹkan tó dáa", owó orí fífọ́ ni mò ń fi kún tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń tún iṣẹ́ ṣe láìgbowó. Kí lẹ́tà tóbi sí i, kí àwọ̀ yí díẹ̀, àtúnṣe nìyẹn. Àmọ́ tí mo bá ti ṣe é tán, tí ẹ ní kí n dà á nù kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun torí àbúrò yín tó wá kí yín ní òun fẹ́ràn àwọ̀ ewé, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa fọwọ́ sí i.

Fáìlì wá ńkọ́? Ẹ gba PDF tí ilé ìtẹ̀wé máa lò, ẹ gba fáìlì ìpìlẹ̀ tí ẹlòmíì lè ṣí lọ́jọ́ iwájú kó tún un ṣe (fáìlì AI ti Adobe Illustrator, tàbí SVG), ẹ tún gba àwòrán kékeré fún Facebook. Kí ti ilé ìtẹ̀wé wà ní CMYK, ètò àwọ̀ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, torí RGB, ètò àwọ̀ ti ojú ẹ̀rọ, ni àwọ̀ tó ń dán lójú fóònù, tó bá dé orí ìwé á ṣú. Kó fi mílímítà 3 kún etí rẹ̀ yípo, ọ̀bẹ onítẹ̀wé ló ni ín. Ẹ má sì gba iṣẹ́ àtẹ̀jáde gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò lórí WhatsApp, torí ó máa ń fún un pọ̀, á wá di ṣìgìdì tí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́. Kó fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, tàbí kó gbé e sórí Google Drive.

Tí orúkọ ọjà yín bá jẹ́ Yorùbá, ẹ ṣọ́ra gan-an. Lẹ́tà tó ní àmì lókè tó tún ní nísàlẹ̀, bíi ọ̀ tàbí ẹ́, fọ́ǹtì púpọ̀ ni kò gbé e. Á dáa lójú kọ̀ǹpútà mi, á dé ilé ìtẹ̀wé, á di àpótí òfìfo. Ẹ̀yin tó ń kọ ɔ àti ɛ bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, ẹ má rò pé ẹ bọ́, ọ̀kan náà ni. Kí ayàwòrán sọ lẹ́tà gbogbo di ìlà, èyí tí a ń pè ní outline, kó tó fi ránṣẹ́. Kí ẹ̀yin náà sì kà á ní ẹyọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ṣáájú kí ẹ tó tẹ púpọ̀, ẹ tẹ ẹyọ kan. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò, ẹ gbé ìgò náà sínú omi yìnyín láti àárọ̀ di ọ̀sán, ẹ yọ ọ́, ẹ fi àtàǹpàkò rá a. Tí yíǹkì bá mọ́ yín lọ́wọ́, tàbí tí etí ìwé bá ń ká sókè, ìwé yẹn kì í ṣe ti omi tútù. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n fi rọ́bà bò. Ìyàtọ̀ owó wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ ò ní rí ìtìjú lórí pẹpẹ.

Ní ti owó, ìdajì ni mò ń gbà kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí n kọ́kọ́ ya kan lọ́fẹ̀ẹ́ kí òun fi wò mí, mo máa ń kí i pé ó dàbọ̀.

Oníkajú Ṣábẹ̀ẹ́

Àbúrò Ayàwòrán, ọ̀rọ̀ yín dùn dé ibi owó. Ìdajì kọ́ ni màá san fún ẹni tí mi ò rí rí. Ọ̀nà mẹ́ta ni mò ń pín in sí: ìdá kan kó tó bẹ̀rẹ̀, ìdá kan nígbà tí mo bá ti rí èyí tó kọ́kọ́ yà, ìdá tó kù nígbà tí fáìlì bá wọlé tí mo sì ṣí i. Ẹni tí a ti jọ ṣe é rí, ìdajì ò burú. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa jẹ: alágbàṣe ń sá, oníṣòwò náà ń sá.

Mo ti gba ayàwòrán fún àpò kajú lórí Fiverr, ọjà alágbàṣe orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé ọwọ́ iléeṣẹ́ náà ni owó máa wà títí ẹ ó fi gba iṣẹ́. Àmọ́ tó bá ti gbé iṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ 3 péré lẹ ní láti yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ẹ bá dákẹ́, ẹ ti gbà á nìyẹn. Ní Upwork, irú ọjà bẹ́ẹ̀ mìíràn, tó bá jẹ́ iṣẹ́ tí a dá iye kan lé, ọjọ́ 14 ni. Fiverr ń yọ ìdá 20 nínú 100 lára owó alágbàṣe, ó sì tún ń bu owó tiẹ̀ lé orí ẹ̀yin tó ń rà, nítorí náà iye tí ẹ rí níta kọ́ lẹ máa san. Dọ́là ni wọ́n sì ń gbà. Euro ni sẹ́fà wa so mọ́, 655.957 fún euro kan, kì í mì. Dọ́là ló ń gòkè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ yẹ iye rẹ̀ wò lọ́jọ́ tí ẹ máa san.

Ọ̀pọ̀ wa ló tún ń lo àwọn ọmọ Ìbàdàn àti Èkó. Wọ́n mọṣẹ́, kò sì sí wàhálà èdè. Ẹ ṣáà dá iye náà sí owó kan látìbẹ̀rẹ̀, yálà náírà tàbí sẹ́fà, kí ẹ sì kọ ọ́. Láti oṣù kẹfà 2023 tí Nàìjíríà ti tú náírà sílẹ̀ lórí ọjà, ẹni tí kò bá sọ owó wo, ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì á bínú.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́: níhìn-ín Ṣábẹ̀ẹ́, tí iná bá lọ, kọ̀ǹpútà alágbàṣe náà lọ. Ọjọ́ tí mo bá nílò iṣẹ́ kọ́ ni mò ń sọ fún un, ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni mò ń dá fún un. Ẹ má sọ fún wọn pé mo wí bẹ́ẹ̀.

Ayàwòrán Atákè, Àjàṣẹ́

A ti mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. 😂

Ọmọ Alákétu

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí Facebook, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jí òwò gbé. Ohunkóhun tó bá jẹ́ tiyín, orúkọ yín ni kó wà lórí rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ládùúgbò wa, ọmọ tó gbà ló fi nọ́ńbà àti íméèlì tara rẹ̀ ṣí ojú ewé ìtajà náà. Nígbà tí owó fa ọ̀rọ̀ láàárín wọn, ọmọ náà yí orúkọ padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta bàtà níbẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń tẹ̀lé ìyá náà di oníbàárà bàtà. Ta ló fẹ́ fẹjọ́ sùn? Orúkọ ọmọ náà ló wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣí ojú ewé náà pẹ̀lú nọ́ńbà tiyín. Facebook ní ibì kan nínú ètò rẹ̀ tí ẹ ti lè fún ẹlòmíì láyè láti kọ̀wé àti láti dá oníbàárà lóhùn láìjẹ́ pé ó di onílé. Àyè yẹn nìkan ni kí ẹ fún un. Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín fún un, kí ẹ sì ṣètò kí Facebook máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù yín tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọlé láti ibi tuntun. Ẹni tó bá ní "Ìyá, ẹ ka kóòdù tó wọlé fún mi", ẹ pa fóònù náà. Bí ẹ bá wá fẹ́ ṣí wẹ́ẹ̀bù, bóyá .bj tàbí .com, ẹ̀yin ni kí ẹ sanwó orúkọ náà fúnra yín, íméèlì yín ni kó wà níbẹ̀.

Ìyá Olómi Atalẹ̀, Àjàṣẹ́

Ọmọ mi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo ìyẹn o.

Ọmọ Alákétu

Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó ń fi fóònù ya étíkẹ́ẹ̀tì yẹn mọ̀ ọ́n. Orí fóònù tiyín ni kó ti ṣe é, kí ẹ jókòó tì í.

Akọ̀wé Owó, Kútọnu

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu kàn ni ti ìwé owó. Ìyá, níwọ̀n ìgbà tí ilé ìtajà bá fẹ́ máa gba ọjà yín, wọ́n máa béèrè IFU yín, nọ́ńbà owó orí oní-díjíìtì 13 yẹn. Kí ẹ̀yin náà béèrè ti alágbàṣe. Kó fún yín ní fàkítù tí ètò ìjọba ń gbé jáde, èyí tó ní kóòdù QR lára. Ìwé pélébé tí ó fọwọ́ kọ ò tó. Òwò tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún ò ju mílíọ̀nù 50 sẹ́fà lọ, TPS, owó orí ti àwọn òwò kékeré, ni wọ́n ń san, nítorí náà kí alágbàṣe má fi owó orí dẹ́rù bà yín pé ìdí nìyẹn tí òun ò fi ní ìwé. Ẹni tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ lè ṣe é lórí monentreprise.bj.

Tí alágbàṣe bá ṣì jẹ́ ọmọ ilé-ìwé tí kò ní IFU, iṣẹ́ kékeré ni kí ẹ fún un, kí owó náà gba MoMo, Moov tàbí Celtiis kọjá, kí ẹ kọ ohun tí ẹ san án fún. Kí orúkọ tó bá jáde kí ẹ tó tẹ kóòdù jẹ́ orúkọ ẹni tí ẹ bá ṣàdéhùn. Bó bá jẹ́ orúkọ ẹlòmíì, ẹ dúró ná.

Ìkejì, èyí tó le: ẹni tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù yín láago mẹ́jọ lójoojúmọ́, tó ń lo kọ̀ǹpútà yín, tó ń gba àṣẹ lẹ́nu yín, ẹ lè máa pè é ní alágbàṣe, òṣìṣẹ́ ni lójú òfin. Àṣẹ ni òfin ń wò, kì í ṣe orúkọ tí ẹ fún un. Ìyẹn túmọ̀ sí CNSS, àpò ìfẹ̀yìntì àti ìrànwọ́ òṣìṣẹ́, ó sì túmọ̀ sí pé owó oṣù rẹ̀ ò gbọdọ̀ wá sílẹ̀ ju SMIG lọ, owó oṣù tó kéré jù lójú òfin, tó ti jẹ́ 52,000 sẹ́fà láti oṣù kìíní 2023. Alágbàṣe gidi ló ń yan àkókò rẹ̀, ó ń lo irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní oníbàárà mìíràn.

Ìyá Olómi Atalẹ̀, Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti kọ èyí tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ayàwòrán kan tí wọ́n júwe fún mi láti Àjàrá. Ẹ bá mi wò ó:

"Ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ ya étíkẹ́ẹ̀tì kan fún omi atalẹ̀, ìgò 33 cl. Ìwọ̀n àti ọ̀rọ̀ tó máa wà lára rẹ̀ wà nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́. Ẹ ó fi èyí àkọ́kọ́ hàn mí lọ́jọ́ Ẹtì. Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì wà nínú owó. Ẹ ó fún mi ní PDF CMYK, SVG àti ti Facebook. 30,000 sẹ́fà: 10,000 ní ìbẹ̀rẹ̀, 10,000 tí mo bá rí èyí àkọ́kọ́, 10,000 tí mo bá ti ṣí fáìlì. Tí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ kọ 'mo gbà' kí n fi àkọ́kọ́ ránṣẹ́."

Ayàwòrán Atákè, Àjàṣẹ́

Ìyá, ẹ ti borí! Ẹ fi ìlà kan kún un: ọjọ́ mélòó ni ẹ̀yin máa fi dá a lóhùn? Àwa náà ń dúró de oníbàárà tó ní òun ń bọ̀, tó wá dé lẹ́yìn oṣù kan tó ní kí n parí ẹ̀ lọ́la. Ẹ kọ ọ́ pé láàárín ọjọ́ méjì lẹ ó fèsì.

Akọ̀wé Owó, Kútọnu

Ẹ tún fi èyí kún un: "Tí mo bá ti san gbogbo owó, ẹ fi ẹ̀tọ́ lílò àti ẹ̀tọ́ títún àwòrán náà ṣe sílẹ̀ fún mi." Owó tí ẹ san nìkan ò gbé ẹ̀tọ́ ayàwòrán wá sọ́wọ́ yín, àfi tó bá wà lákọsílẹ̀. Ẹ bi í bóyá Canva, ìkànnì tí wọ́n fi ń ya àwòrán, ló fi ṣe lógò. Lógò tí wọ́n fi àwòrán inú Canva kó jọ, Canva fúnra rẹ̀ ò gbà kí ẹ fi forúkọ àmì òwò sílẹ̀. Bí ọjà yín bá gbilẹ̀, tí ẹ fẹ́ forúkọ àmì sílẹ̀, OAPI, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fún ẹ̀tọ́ àmì òwò àti iṣẹ́ ọpọlọ, tó wà ní Yaoundé ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa forúkọ sílẹ̀, á sì múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 17 fún ọdún 10.

"Mo gbà" orí WhatsApp yẹn kì í ṣe eré o. Òfin 2017-20 ti Bẹ̀nẹ̀, tó jáde ní oṣù kẹrin 2018, gba ìwé orí ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, tí a bá ti mọ ẹni tó kọ ọ́, tí wọn ò sì tíì yí i padà. Tí ẹ bá fi ohùn sọ̀rọ̀, kí ẹnì kan nínú yín tún kọ ọ́ ní ìlà mélòó kan lẹ́yìn ìpè náà.

Ìyá Olómi Atalẹ̀, Àjàṣẹ́

Ó dáa. Ó ku ti ẹni Facebook. Oṣooṣù ni kí n máa san fún un, àbí báwo?

Ọmọ Alákétu

Èmi ń ka iṣẹ́. Ó ń kọ ohun mẹ́jọ lóṣù, ó ń dá ìbéèrè lóhùn kó tó di alẹ́, a sì ti jọ kọ ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè tó ń wá léraléra: èló ni, ibo lẹ wà, ṣé ẹ ń gbé e wá sílé. Ìbéèrè nípa oògùn adìẹ, ó máa ń fi ránṣẹ́ sí mi, kì í dáhùn fúnra rẹ̀. Tiyín, ẹni tó bá béèrè bóyá omi atalẹ̀ dáa fún ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má dáhùn ìyẹn láé! Oṣù kan ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà á fún, ẹ má sì ṣàdéhùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Oníkajú Ṣábẹ̀ẹ́

Fọ́tò ni ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu kàn. Ìyẹn ò gba ariwo, ọ̀sán kan ló ń gbà. Ẹ wá ẹni tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó tó ní kámẹ́rà tó dáa, kí ẹ san owó ìdajì ọjọ́ fún un lọ́jọ́ tí kò sí òde, àárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣófo. Kí ẹ fi aṣọ funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ẹ nu ìgò dáadáa, kí ẹ sì gbé yìnyín dání, torí ìgò tó ń làágùn ló ń fa ojú mọ́ra. Kó fún yín ní fọ́tò náà ní títóbi rẹ̀, kí ẹ sì ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ẹ máa lò ó lára ìgò, kì í ṣe lórí Facebook nìkan.